Màmá Báwo-lo-ṣe-mọ̀ àti Ọjọ́ Mẹ́jọ

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fún un láyè láti máa bi àwọn ọmọ, ìbéèrè náà ló sì wá di orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti yọ lẹ́nu géètì ilé-ìwé, tòun ti rẹ́kọ́dà tó fi kọ́ èjìká àti báàgì dúdú tí etí rẹ̀ ti hó, àwọn ọmọ tó wà ní pápá á ti figbe ta: "Màmá Báwo-lo-ṣe-mọ̀ ti dé o!" Òun náà á dúró gbọnin, á wò wọ́n látòkèdélẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin náà, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ẹ̀rín á sọ. Gbogbo ìgbà ni àwàdà yìí ń wáyé, kò sú wọn, kò sì sú òun náà.

Tíṣà ìṣirò ni tẹ́lẹ̀, irú àwọn tíṣà àtijọ́ tó máa ń fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn, tí ọmọ tó bá gbàgbé ìlà kejì kò ní gbádùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ń wá ẹni tí etí rẹ̀ mú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun ni wọ́n tọ́ka sí. Iṣẹ́ náà ṣòro láti ṣàlàyé fún ará ilé. Ìyá onílé rẹ̀, opó kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé, tó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ṣe fẹ́ràn òwúrọ̀, ti bi í títí.

"Ẹ ní ẹ ò kọ́ àwọn ọmọ náà ní nǹkan kan?"

"A ò kọ́ wọn, Ìyá."

"Ẹ ò sì fún wọn ní máàkì?"

"A ò fún wọn."

"Kí wá lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀?"

"À ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú ni."

Ìyá onílé ṣe hàà. "Wọ́n ń sanwó fún yín kí ẹ máa gbọ́ ìrònú ọmọ ọlọ́mọ! Ẹ bá mi wáṣẹ́ síbẹ̀ jàre. Mo gbọ́ ti àwọn ọmọ tèmi títí, ẹnì kan ò fún mi ní kọ́bọ̀."

Ohun èlò iṣẹ́ náà kò pọ̀. Páálí gígùn kan wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí láti oókan dé ogún, kòǹkò aláṣọ kan sì wà tí òun fúnra rẹ̀ rán láti ara àkísà aláwọ̀ ewé, tó fi bọ́tìnnì méjì ṣe ojú fún. Yàrá tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ń yọ̀ǹda fún wọn kò yàtọ̀ níbikíbi: ibi tí wọ́n ń kó àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán sí, àti máàpù tó ti ya. Á nu eruku tábìlì, á tẹ́ páálí, á tẹ rẹ́kọ́dà, iná pupa á tàn, ọmọ á sì jókòó síwájú rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì láàárín orúnkún.

"Kòǹkò yìí wà lórí ẹẹ́ta. Ó fẹ́ dé orí eéje. Má fọwọ́ kàn án o. Fífò mélòó ni yóò fò?"

Ọmọ á wo páálí. Á dákẹ́. Ètè rẹ̀ á máa mì. "Márùn-ún, mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún, ẹẹ́fà, eéje. Márùn-ún ni, mà."

Fífò mẹ́rin ni. Bí ọmọ náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kòǹkò náà fò, mẹ́rin náà ni yóò rí. Síbẹ̀, láti ilé-ìwé kan dé òmíràn, márùn-ún yìí kò yéé jáde lẹ́nu wọn. Òfin Ọ̀jọ̀gbọ́n sì le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un ṣe, kò gbọdọ̀ mi orí, kò gbọdọ̀ fajú ro, kò gbọdọ̀ kí ọmọ kú iṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ a máa yún Màmá bí ọwọ́ ẹni tó rí àwòrán tó wọ́ lára ògiri ilé onílé. Á fi ọwọ́ náà sábẹ́ itan, á jókòó lé e.

Bí wọ́n bá padà dé ọ́fíìsì, á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, á máa tẹ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sórí ìwé, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìdákẹ́jẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ sọnù. Ọmọ dákẹ́, á tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mí kanlẹ̀, á tẹ̀ ẹ́. "Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti ń lọ, Ìyáàfin," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń wí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, tí ẹfun ìkọ̀wé sì máa ń wà lára àpò ẹ̀wù rẹ̀ nígbà gbogbo. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọ́ láti máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà yóò bá òun délé.

Yàrá méjì ló ń gbé lókè ilé náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti wà nílé ọkọ, ọ̀nà jíjìn. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Orí omi ló wà. Òun ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ńlá kan tó ń kó ẹrù kiri ayé, ọkùnrin tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tó jẹ́ pé bí omi bá ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ omi, á ti fi ṣíbí lu páìpù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, á máa dẹ etí sí i bí dókítà. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, á máa súfèé. Tó bá ń bọ bàtà, á máa bá bàtà náà sọ̀rọ̀. Ní báyìí, bàtà ilé rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí wọn kọjú síta. Rédíò tó tú nígbà tó wálé kẹ́yìn ṣì wà lórí fèrèsé bó ṣe fi í sílẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣí, ìdè rẹ̀ wà nínú ọmọrí agolo. Aya rẹ̀ ń nu eruku yí i ká, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dé e padà. Onírédíò tó wà ní ìkóríta ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Aya náà ní òun mọ̀.

Kì í ṣe ìgbà tó bá ń wo fọ́tò ni àárò ọkọ rẹ̀ máa ń sọ ọ́. Ìgbà tó bá fẹ́ ṣí ìgò tó le ni. Ìgbà tó bá gbọ́ ohun kan tó pa á lẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ ni, tó sì di ọ̀rọ̀ náà mú títí dé ẹnu ọ̀nà, kó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ ilé wá ń dín kù lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀sán sọ "ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún" sínú rẹ́kọ́dà, tó wá ń fi ìrọ̀lẹ́ gbọ́ aago ògiri, níbo ló ti fẹ́ rí i sọ?

Àríyànjiyàn kan wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti di eré. Nígbà tí ọkùnrin náà wálé kẹ́yìn, ó dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń sọ fún ìyá onílé pé, "Ìjẹta ni mo dé." Aya rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà látòkè.

"Ọjọ́ méjì péré lẹ dé. Ibo lẹ ti rí ẹta?"

"Ìjẹta náà ni, Tíṣà mi."

"Ẹ kà á fún mi. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ dé sí àná, ọjọ́ kan. Láti àná sí òní, ọjọ́ kan. Méjì."

Ọkùnrin náà yíjú sí ìyá onílé. "Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n máa pè é ní ìjẹjì ni?"

Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bí "ìjẹjì" ṣe di ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn. Títí tí ọkùnrin náà fi padà sórí omi, bó bá fẹ́ mú aya rẹ̀ bínú, á kàn sọ pé, "Mo rí ọ̀rẹ́ ẹ níjẹjì."

Ọmọbìnrin kékeré kan ló tú ọ̀rọ̀ márùn-ún náà fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ó sì ń fẹnu fa afẹ́fẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ márùn-ún tí Màmá sì bi í ní ìbéèrè rẹ̀, kò kà á bíi ti àwọn yòókù. Ó ní: "Ẹẹ́ta ló dúró lé, mà. Ó ti wà níbẹ̀ kó tó fò. Ṣé wíwà níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan ni?"

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀jọ̀gbọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì náà dúró, ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló yí àga rẹ̀ padà sí Màmá.

"Ìyáàfin, ọjọ́ tó ṣáájú àná, kí là ń pè é?"

Ara Màmá yá gágá. "Ìjẹta, sà."

"Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín òun àti òní?"

"Méjì."

"Kí ló wá dé tí ẹta fi wà nínú orúkọ ẹ̀? Bí ẹnì kan bá sọ lọ́jọ́ Ajé pé òun ń bọ̀ lóní ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ wo lẹ máa retí ẹ̀?"

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ méje sì ni." Ó na ìka rẹ̀ tó kún fún ẹfun sókè. "Àwọn ọmọ yìí ò gọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kà nílé ni wọ́n ṣe ń kà. Nílé, ọjọ́ tí èèyàn wà nínú ẹ̀ wà lára ọjọ́. A kì í yọ ọ́ sílẹ̀. Àwa la gbé páálí wá tá a ní kí wọ́n má ka ibi tí wọ́n dúró sí."

Màmá tẹ ojú ìwé tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀, ó fi ìlà méjì sábẹ́ àkọlé. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń rẹ́rìn-ín, ó ń ro bí òun yóò ṣe jẹ́wọ́ fún ọkùnrin orí omi náà pé ìjẹta rẹ̀ ti jàre.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni fóònù dún. Ní àkókò tí à ń wí yìí, fóònù kì í ṣe ohun àpò. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní àjà tí ọ́fíìsì wọn wà, orí tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì jókòó sí, ó dúdú, ó wúwo. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e, ó tẹ́tí, ó nà án sí Màmá, ó sì rọra jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé.

"Tíṣà mi!"

Ohùn ọkọ rẹ̀ ni. Ariwo bí ariwo òjò lórí páànù wà lórí ìlà náà.

"Ẹ̀yin nìyẹn? Níbo lẹ wà? Ṣé ara yín le?"

"Ara mi le. Gbọ́, ìlà yìí ò dáa. Ọkọ̀ wa á yà ní èbúté tiwa, ọjọ́ kan péré." Ariwo òjò náà gbé ọ̀rọ̀ díẹ̀ mì. "...ọjọ́ mẹ́jọ!"

"Ọjọ́ mẹ́jọ?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ! Wọ́n gbé ìwé wá kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́, pé kí n tún bá wọn ṣe ọdún mẹ́ta. Mi ò fẹ́ dá a ṣe láìrí ojú ẹ. Bó o bá ní kí n máa bọ̀ wálé, màá kó ẹrù mi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn. O gbọ́? Ẹnu ìwọ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Wá o, wá pàdé mi ní gé..."

Ìlà já. Ó di ọwọ́ fóònù mú, ó ń pè é ní "Ẹ̀lọ́ọ̀, ẹ̀lọ́ọ̀," bí ẹni tó ń pe ọmọ tó sá pamọ́.

Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó lọ bá a. Ó gbé ìka ìfábẹ̀lá lé ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ó sì gbé ìka náà fò: Àbámẹ́ta, oókan. Àìkú, eéjì. Ajé, ẹẹ́ta. Bó ṣe ń fò lọ nìyẹn títí ẹẹ́jọ fi bọ́ sórí ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì. Ó fi pẹ́ńsù yí i po. Ojú ìwé tó tẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nínú fáìlì tí kò jìnnà sí ìgbòǹwọ́ rẹ̀, ó sì lè ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí. Ìka rẹ̀ ni kò tíì gbọ́. Ìka náà ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ jù láti máa yọ ibi tó dúró sí sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Ó fọ aṣọ ìbora. Ó gbé bàtà ilé ọkùnrin náà sóòrùn, ó tún yí orí wọn padà kí wọ́n kọjú síyàrá. Ó gbìyànjú láti ro ohun tí òun yóò sọ ní èbúté, ó sì rí i pé kò gba ìrònú rárá: "Ẹ máa bọ̀ nílé." Ó sọ ọ́ níwájú dígí. Ó sọ ọ́ kíkankíkan, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò kàn. Èyí tó sọ jẹ́jẹ́ ló wù ú jù.

Ìyá onílé pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ó ń dán.

"Ẹ̀yin ìyàwó ojú ọ̀nà! Ta ló ń bọ̀?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o, Ìyá."

"Orí yín ti sọ fún mi. Ọjọ́ wo ló ń wọlé?"

"Sátidé."

"Ẹ jẹ́ kó rọra gun àtẹ̀gùn mi. Ìfé tó máa ń fọ́n yẹn, mo ti ń wá a."

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ sí ilé-ìwé kan lẹ́yìn ìlú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ gbàgbé òfin. Nígbà tí ọmọ kan sọ márùn-ún, ẹ̀rín ta sí i lẹ́nu, àfi bó ṣe fi ikọ́ bò ó. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó padà. Ilé ló gbà lọ tààrà.

Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé báàgì lé itan, kò sì sùn bíi ti àwọn èrò yòókù. Nígbà tí òórùn iyọ̀ àti epo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó fọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe.

Èbúté náà tóbi ju bó ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù dúró gọ̀gọ̀ lókè, àwọn àpótí onírin tò lé ara wọn bí ilé tí kò ní fèrèsé. Ní géètì, akọ̀wé kan jókòó sínú yàrá onígíláàsì kékeré, ó ń jẹ ẹ̀pà. Màmá dárúkọ ọkọ̀ náà fún un.

"Ìyẹn? Ó ti lọ, mà."

"Kò tíì dé lẹ fẹ́ sọ. Òní ló ń bọ̀."

"Àná ló dé. Ilẹ̀ òní ò tíì mọ́ tó fi ṣí." Akọ̀wé náà fi ẹ̀pà sílẹ̀. Ó wo irun rẹ̀, ó wo aṣọ tó lọ̀ tó ń tàn. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹ̀yin ni tíṣà?"

Ó mi orí pé òun ni.

"Bàbá kan dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí látọ̀sán àná. Mo ní kó wá jókòó, kò jókòó. Ó ń súfèé. Ó ní ìyàwó òun ń bọ̀. Nígbà tá a fẹ́ ti géètì, mo ní bóyá ó ṣi ọjọ́ kà ni. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ta ló ṣi ọjọ́ kà? Ìyàwó mi? Òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní kíkà.'"

Ibẹ̀ ni ó ti yé e. Òní ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ Ẹtì tó pe òun ni oókan, torí pé ọjọ́ náà ni wọ́n wà nínú rẹ̀, òun lọ́wọ́ kan, ọkọ òun lọ́wọ́ kejì, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òun ló yọ ọ́ sílẹ̀. Ó di irin géètì mú. Ó bi akọ̀wé náà bóyá bàbá náà sọ nǹkan kan nípa ìwé, pé bóyá ó tọwọ́ bọ ìwé kan. Akọ̀wé ní òun kò mọ̀ nípa ìwé. Ó gbé àga tirẹ̀ síta fún un. Màmá jókòó, ó sì ń wo omi, omi náà kò ní àpá kankan pé nǹkan kan kọjá lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, bó ṣe ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni bàbá aṣọ́nà pè é. "Màmá, fóònù yín yẹn fẹ́ pa mí lọ́jọ́ Fúráìdé. Ó dún, ó dún, mo ní kó máà bẹ́. Mi ò sì ní kọ́kọ́rọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun òkè lọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, láìsunkún, bí ẹni tó ń ka ohun tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún, ó tún nù ún. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí. Kò tilẹ̀ wo apá ibi tí fáìlì wà. Ohun tó ṣe ni pé ó kó ìwé tirẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Màmá wá síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ tí Màmá ń lò tẹ́lẹ̀, níbi tí orúnkún rẹ̀ ti ń kan ògiri.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ò lè ráyè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn."

"Mo ráyè," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Ó ń lọ sílé-ìwé, ó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó sì ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ọkàn rẹ̀ wà lórí tábìlì kan lókèèrè. Bí fóònù bá dún fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọ̀jọ̀gbọ́n á sọ̀rọ̀ kúkúrú, á sì tètè gbé e kalẹ̀, bí ẹni tó ń jókòó sórí àga ẹlòmíràn. Nílé, ìyá onílé kò bi í léèrè mọ́. Àwo oúnjẹ ni ó ń bá lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà mìíràn, tí wọ́n fi ìdérí bò.

Ó ń tẹ ọ̀rọ̀ ọmọ kan lọ́wọ́ nígbà tí ìpè náà dé. Ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà létí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fi ọwọ́ kàn án léjìká, tó sì jáde.

"Tíṣà mi."

Kò sí ariwo òjò lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn náà mọ́ bí ẹni pé yàrá kejì ló ti ń sọ̀rọ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́.

"Mo wá," ni Màmá kọ́kọ́ sọ. "Mo wá, ẹ gbọ́? Sátidé ni mo wá. Ẹ ti lọ."

"Sátidé?"

"Mo ka ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe ń kà á nílé-ìwé. Mi ò ka ọjọ́ tẹ́ ẹ pè mí mọ́ ọn."

"Ìwọ?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já láàárín. "Àṣé ìjẹjì ló pa mí."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jọ̀ọ́."

"Mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúró síbẹ̀ títí. Mo pe ọ́fíìsì yín, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bóyá ìdáhùn ẹ nìyẹn. Pé ó ti mọ́ ọ lára láìsí mi ńbẹ̀, o ò kàn fẹ́ fẹnu sọ ọ́ ni."

"Kò mọ́ mi lára." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Kò mọ́ mi lára rí, kò lè mọ́ mi lára. Rédíò yín ṣì wà lórí fèrèsé."

"O ò tíì dé e?"

"Ta ló fẹ́ dé e? Ìwé yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n dáhùn kí ọkọ̀ tó ṣí."

"Ẹ ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ nìyẹn."

"Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ó jókòó. Lójú fèrèsé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń kọjá lọ sí kíláàsì, ìwé lábẹ́ abíyá wọn, ọ̀kan ń lépa fìlà rẹ̀ tí atẹ́gùn gbé.

"Ọdún mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́ta, Tíṣà mi."

"Ọdún tá a wà nínú ẹ̀ yìí, ṣé wọ́n kà á mọ́ ọn?"

"Mi ò bi wọ́n."

"Ẹ bi wọ́n."

"Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó wọ̀nyí, ṣé bí wọ́n ṣe ń..."

"Ẹ bi wọ́n. Ẹ bi ọ̀gá ọkọ̀, ẹ bi akọ̀wé, ẹ bi gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò kà á, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti wà níbẹ̀."

"Màá bi wọ́n." Ó mí kanlẹ̀. "Kí lo fẹ́ sọ fún mi ná, ká ní o bá mi níbẹ̀?"

Gbogbo èyí tó ti sọ níwájú dígí wá sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ èyí tí yóò mú.

"Ẹ máa bọ̀ nílé," ló wí.

"Tún un sọ."

"Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Mo gbọ́." Ẹnì kan ń pè é lẹ́yìn níbẹ̀, ní èdè mìíràn. "Wọ́n ní àkókò mi ti tó. Màá tún pè ní ọjọ́..."

"Ẹ má ka iye kankan fún mi! Ẹ dárúkọ ọjọ́ náà."

"Fúráìdé. Fúráìdé tó ń bọ̀, lọ́sàn-án. Ṣé o máa wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀," ni ó dáhùn, bí ẹni pé ọjọ́ náà ti dé.

Ìlà náà já. Kò gbé ọwọ́ fóònù sílẹ̀ kíá. Ó tún fi sétí díẹ̀, kó tó wá gbé e lé orí ìjókòó rẹ̀. Ó ṣì gbóná níbi tí etí rẹ̀ wà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níbẹ̀ títí ó fi tutù.